Wákàtí Kan Tí Ọkà Bàbà Ń Kà

Ní ìparí ọdọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, àwọn ìbátan wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé láti fi hàn wá pé ilẹ̀ ti ṣú mọ́ wọn lórí nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Wọ́n á ní ọjọ́ tí ọ̀sán kúrú jù lọ nínú ọdún ti dé. Àwa tí a wà ní Ìlọrin á bá wọn kẹ́dùn, a ó sì máa bá tiwa lọ, nítorí a ti gbà pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, kò kàn wá. Ohun tí mo fẹ́ fi àròkọ yìí sọ ni pé ó kàn wá, ó sì kàn wá dé inú ìkòkò ọbẹ̀.

Ọjọ́ 21 tàbí ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ni ọjọ́ náà máa ń bọ́ sí. Ìlọrin wà ní nǹkan bí ìwọ̀n digiri 8.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà, ní ọjọ́ yẹn, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ lọ́dọ̀ wa títí di ìgbà tí ó bá wọ̀, wákàtí 11 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 37 ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, tí ọ̀sán gùn jù lọ, wákàtí 12 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 37 ni. Gbogbo ohun tó wà láàárín èyí tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù kò ju wákàtí kan lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán oṣù kejìlá kò pé wákàtí 8, bẹ́ẹ̀ ni ti oṣù kẹfà lé ní wákàtí 16. Ẹni tó bá fi tiwọn wé tiwa lè sọ pé wákàtí kan kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ènìyàn ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọkà bàbà kò ní sọ bẹ́ẹ̀, ìsápá àti ewédú náà kò ní sọ ọ́.

Kì í ṣe pé ayé jìnnà sí oòrùn ló fa ìyàtọ̀ yìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, tí àwọn tó mọ̀wé wà lára wọn, pé òtútù ń mú nítorí pé oòrùn ti sún sẹ́yìn. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní gan-an, nígbà tí ọyẹ́ ń bó wa létè, ni ayé sún mọ́ oòrùn jù lọ nínú ọdún, ní nǹkan bí mílíọ̀nù kìlómítà 147. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni ó sì jìnnà sí i jù, ní nǹkan bí mílíọ̀nù kìlómítà 152. Ohun tó fà á ni pé ayé kò dúró ṣánṣán bó ti ń yí. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n digiri 23.4, apá ibi tó tẹ̀ sí kò sì yí padà bó ti ń rìn yí oòrùn po, nítorí náà, ní ìgbà kan nínú ọdún, apá àríwá rẹ̀ ló kọjú sí oòrùn, ní ìgbà mìíràn apá gúúsù ni. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti rìn lójú tiwa títí ó fi dé òkè orí Nàmíbíà, Bòtswánà àti Madagáskà. Ibẹ̀ ló ń dé tí á fi yí padà sọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Oòrùn alára ní ibi tí ìrìn rẹ̀ mọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kò nílò ẹ̀rọ kankan. Kó ri ọ̀pá kan tó ga ní mítà kan mọ́lẹ̀ lóòró láàárín àgbàlá, kó sì máa wo òjìji rẹ̀ ní ìgbà tí oòrùn bá ga jù lọ lójúmọ́, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ní Ìlọrin ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí. Òjìji náà yóò nà sí ìhà àríwá, yóò sì gùn ju ìdajì mítà lọ, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 62. Bó bá tún wò ó ní oṣù kẹfà, òjìji náà yóò ti kúrú dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 27, ìhà gúúsù ni yóò sì nà sí, nítorí oòrùn ti gba òkè orí wa kọjá lọ sí àríwá. Nínú ilé tí mò ń gbé, ọwọ́ gúúsù ni fèrèsé yàrá ìdáná kọjú sí. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, oòrùn ọ̀sán ń wọlé tọ̀ wá níbẹ̀, ó ń dé orí tábìlì tí a ti ń gé ẹ̀fọ́; láti oṣù karùn-ún títí di oṣù keje, a kì í rí i níbẹ̀ rárá. Kò sí ẹni tó ń gbé inú ilé tí kò lè rí irú nǹkan báyìí, bó bá ti lè fara balẹ̀ wo ògiri rẹ̀.

Ìlọrin kúkú jẹ́ ìlú tí kò yẹ kó gbàgbé oòrùn. Ìrun márùn-ún tí à ń kí lójúmọ́, ìrìn oòrùn ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Kí aago tó dé, òjìji ni àwọn àlùfáà ń wò: ní ìlànà Mọ́líkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Ìsìláàmù, tí a ń tẹ̀ lé ní ìlú wa, àsìkò Àlàásárì, ìrun ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, wọlé nígbà tí òjìji nǹkan bá gùn tó nǹkan náà fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí òjìji tó ti ní tẹ́lẹ̀ nígbà tí oòrùn ga jù. Ẹni tí yóò bá wọn òjìji bẹ́ẹ̀ ní láti mọ̀ pé òjìji ọ̀sán oṣù kejìlá kì í ṣe ẹgbẹ́ ti oṣù kẹrin. Nísinsìnyí, ìwé àsìkò ìrun tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri mọ́sálásí ló ń bá wa ṣe ìṣirò náà, fóònù sì ti gbà á lọ́wọ́ ìwé. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, yóò rí ohun kan níbẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ni ọ̀sán kúrú jù, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kọ́ ni Mọ̀gàríbì, ìrun tí à ń kí bí oòrùn bá ti wọ̀, ń yá jù, kì í sì í ṣe òun ni ilẹ̀ ń pẹ́ mọ́ jù. Àárín oṣù kọkànlá ni oòrùn ń tètè wọ̀ jù ní Ìlọrin, ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 18. Ìparí oṣù kìíní ni ó ń pẹ́ yọ jù, nígbà tí aago méje á ti lù kó tó yọjú. Ìdí rẹ̀ ni pé, lójú ọ̀nà tí ayé ń gbà ní àsìkò yẹn, láti ìgbà tí oòrùn bá ga jù lónìí títí di ìgbà tí yóò tún ga jù lọ́la ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú lé ní wákàtí 24, aago wa kò sì mọ ìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ fi ń sún síwájú lójú aago. Àwọn ìyá tó ń jí ọmọ lọ sí ilé-ìwé lẹ́yìn ọdún tuntun mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n mọ̀ pé òkùnkùn oṣù kìíní pọ̀ ju ti oṣù kejìlá lọ ní àárọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tó fà á.

Kàlẹ́ńdà méjì ni a ń lò pa pọ̀ ní ìlú yìí, mo sì rò pé ìyẹn jẹ́ ọrọ̀ tí a kò tíì dúpẹ́ rẹ̀ tó. Oṣù lójú ọ̀run ló ń sọ ọjọ́ ààwẹ̀ àti ọjọ́ iléyá fún wa, ọdún rẹ̀ sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ọdún oòrùn, nítorí náà ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì fi ń rìn káàkiri inú òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún 1998, nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ló bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì rántí sàárì àkókò yẹn, bí omi inú kẹ́tùlù àlùwàlá ṣe máa ń tutù bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde láti inú fíríìjì, tí àwọn àgbàlagbà á fi aṣọ òkè wé ara wọn lọ sí mọ́sálásí. Ní ọdún 2015, inú oṣù kẹfà sí oṣù keje ló bọ́ sí. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gba ààwẹ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àárẹ̀ mú wọn. Fún wa, gbogbo ohun tó fi gùn ju ti 1998 lọ kò ju bíi wákàtí kan náà yẹn. Ní ọdún 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni ààwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ nínú ọdún kan ṣoṣo, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní àti ní ìparí oṣù kejìlá. Oṣù ń rìn gba àárín àwọn ìgbà kọjá, oòrùn ni kò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá ń dáko kò lè fi ti oṣù nìkan ṣe é.

Ní ti oko, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti mú mi lọ́kàn. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìdọ̀fìàn àti Àjàsẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán ní oṣù kọkànlá, yóò rí ọkà bàbà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí orí rẹ̀ ti pọ́n, tí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti ń gbẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń dáko ní apá ibẹ̀. Ní ọdún kan tí òjò ṣe ségesège, ó gbin ọkà bàbà sí oko kan ní oṣù karùn-ún, ṣùgbọ́n kí ó tó kan oko kejì, òjò dáwọ́ dúró, kò sì rí ibẹ̀ gbìn títí oṣù kẹfà fi ń lọ sópin. Bó bá jẹ́ àgbàdo ni, oko kejì ì bá fi oṣù kan gbáko gbẹ̀yìn. Nígbà tí oṣù kẹwàá wọlé, oko méjèèjì yọ orí láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Igi ti àkọ́kọ́ ga, ó sì nípọn ju ti èkejì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n jọ yọ orí ni, wọ́n sì jọ gbó. Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, báwo ni èyí tí ẹ gbìn kẹ́yìn ṣe bá tàkọ́kọ́?” Wọ́n wo oko náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, bàbà kì í ka ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín. Ọjọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn máa dé ló ń kà.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni Bàbá sọ. Ní ọdún 1920, àwọn onímọ̀ méjì kan, Wightman Garner àti Harry Allard, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí tábà àti ẹ̀wà sóyà jáde. Wọ́n ní irú tábà kan tí kì í tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, tí ọ̀sán wọn ń gùn, bó ti wù kó ga tó. Wọ́n dán oríṣiríṣi nǹkan wò, wọ́n wá ń gbé àwọn kan nínú rẹ̀ wọ inú ilé òkùnkùn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ọ̀sán lè kúrú fún wọn, àwọn yẹn sì tanná. Bí aráyé ṣe fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn pé ọ̀pọ̀ irúgbìn ń fi gígùn ọ̀sán mọ ìgbà. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn rí i pé òru gan-an ni wọ́n ń wọ̀n: èròjà kan wà nínú ewé tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà, tí òkùnkùn sì ń dá padà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni ewé fi ń mọ̀ bí òru ti gùn tó. Bí a bá tan iná sí i fún ìgbà díẹ̀ láàárín òru, ìṣirò náà dà rú.

Ọkà bàbà ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí ń retí òru gígùn. Wákàtí kan tí ọ̀sán wa fi ń gùn tí ó sì fi ń kúrú yẹn ni gbogbo ẹ̀rí tó ní, ó sì tó o. Ó mọ̀ ọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ láti oṣù keje lọ. Nígbà tí òru bá gùn dé ìwọ̀n tó ń fẹ́, yálà wọ́n ti gbìn ín tipẹ́ tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín, á dáwọ́ ewé dúró, á yọ orí. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, kí ló dé tí kò fi ń wo òjò, nígbà tó jẹ́ pé omi ló ń mu? Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Òjò lè tètè dé lọ́dún yìí, kó pẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kó dáwọ́ dúró ní oṣù kẹjọ, kó sì tún pọ̀ lápọ̀jù ní oṣù kẹsàn-án. Gígùn òru ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án kò yí padà láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ti ń gbìn ín. Ohun tí kì í yẹ̀ ni irúgbìn náà gbé ara lé. Àwọn tó ń yan èso rẹ̀ ní ọdún dé ọdún, tí wọ́n ń mú èyí tó gbó nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí wọ́n sì ń fi àwọn orí tó bu sílẹ̀, àwọn ló fi ọwọ́ ara wọn kọ kàlẹ́ńdà yìí sínú hóró ọkà.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi kì í fi í balẹ̀ bí mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí a kó irú àtijọ́ dànù pátápátá nítorí irú tuntun tó ń tètè gbó, tí kò ka gígùn òru sí. Irú tuntun ní iṣẹ́ tó dára tí ó ń ṣe, pàápàá níbi tí òjò kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, bí ó bá gbó sínú òjò oṣù kẹsàn-án, ó máa ń bu lórí igi, ẹ̀ga á sì rọ́ dé, nítorí òun nìkan ló ti gbó ní gbogbo àgbègbè náà. Bàbá mi yìí gbìn ín rí. Títí di òní, wọ́n ṣì ń so orí ọkà bàbà àtijọ́ kọ́ sókè àdògán, níbi tí èéfín ti ń bá a, kí kòkòrò má bàa jẹ irúgbìn náà.

Ìsápá ni ìyá mi ń gbìn sí ẹ̀yìn ilé ní tiwọn, ti funfun fún ọbẹ̀, ti pupa fún sòbò. Ìsápá pẹ̀lú ń retí òru gígùn. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbìn ín títí di oṣù kẹsàn-án, ewé lásán ni. Bí oṣù kẹwàá bá ti ń bọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, òdòdó rẹ̀ á là ní àárọ̀, á sì pa dé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, lẹ́yìn náà ni ẹran ara tó yí èso rẹ̀ ká á wá wú. Ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi gbé iná sólà kọ́ sára ọgbà láti máa fi ṣọ́ ẹ̀yìn ilé, ìyá mi ké sí wa pé kí a wá wo ohun kan. Àwọn ìsápá tó wà nítòsí iná náà ga fíofío, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, kò sì sí òdòdó kan ṣoṣo lórí wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn kànga, níbi tí ògiri ti bo ìmọ́lẹ̀ náà, ti so, wọ́n ti ń ká wọn. Ẹ wá fojú ro ó: àárín wọn kò ju ibi tí ènìyàn lè ju òkúta sí lọ, ilẹ̀ kan náà ni, omi kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbìn wọ́n. Àwọn kan wà ní oṣù kẹwàá, àwọn kan ṣì wà ní oṣù kẹfà. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe yí ojú iná náà sí ẹnu ọ̀nà nìyẹn.

Ewédú náà kò yàtọ̀. Àwọn tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ ní etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé ewédú oṣù kejìlá kì í dúró. Kó tó ga dé orúnkún ló ti tanná, tó ti so, tí ewé rẹ̀ kéré. Wọ́n lè bomi rin ín tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, wọn kò lè bomi rin ọ̀sán kó gùn.

Ọyẹ́ alára, oòrùn ló ń rán an wá. Ibi tí afẹ́fẹ́ olómi láti òkun ti ń pàdé afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti Sàhárà máa ń tẹ̀ lé oòrùn lẹ́yìn, á gòkè lọ sí àríwá ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, á sì sọ̀ kalẹ̀ dé ìtòsí etíkun ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Ìlọrin á wá bọ́ sábẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Púpọ̀ nínú eruku tó ń gbé wá jẹ́ láti Bodélé, ibì kan ní ilẹ̀ Ṣáàdì tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá ní ìgbà láéláé, tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Àwókù ara àwọn ohun tíntìntín tó ń gbé inú omi náà wà nínú eruku yẹn. Nígbà tí mo bá ń nu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní oṣù kìíní, ìsàlẹ̀ omi kan tó ti kú tipẹ́ ni mò ń nù kúrò. Èyí máa ń mú mi dúró díẹ̀ kí n tó fọ aṣọ ìnulẹ̀ náà.

A máa ń sọ pé nígbà ọyẹ́, ohun gbogbo kú. Àwọn igi wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àsìkò yìí ni igi irúgbá ń ju ewé sílẹ̀, tí ó sì ń so òdòdó pupa roboto tí ń rọ̀ sílẹ̀ lórí okùn gígùn, àdán ló sì ń wá fẹnu mu oje rẹ̀ lóru, tí ó ń gbé àtíkè òdòdó láti igi kan dé èkejì. Irú tí a óò fi se ọbẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ọwọ́ àdán oṣù kìíní ló wà. Máńgòrò ń tanná nítorí òtútù òru yẹn, kajú ń tanná, igi òrí náà ń tanná, tó jẹ́ pé ẹni tí ọyẹ́ ń là lẹ́sẹ̀, tí ó ń fi òrí pa á, lè gbé ojú sókè kó rí òrí ọdún tó ń bọ̀ lórí igi. Agbálùmọ̀ ti ń dé ọjà. Bí wọ́n bá fi iná sun pápá, àwòdì á pọ̀ lójú ọ̀run lókè èéfín, wọ́n á máa já wálẹ̀ gbé ẹlẹ́ńgà tó ń sá fún iná. Lékèélékèé á tẹ̀ lé màlúù sọ̀ kalẹ̀ wá láti ìhà àríwá. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí àsìkò wí.

Ara tiwa náà ní aago. Àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nípa ìṣègùn ní ọdún 2017, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, ṣàwárí bí aago náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì eṣinṣin kéékèèké, irú rẹ̀ náà ló sì wà nínú tiwa. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ní òwúrọ̀ ni a fi ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Mo máa ń ronú nípa ìsápá abẹ́ iná sólà yẹn nígbà tí mo bá rí ara mi àti àwọn ọmọ wa ní aago méjìlá òru, tí ìmọ́lẹ̀ fóònù ń kọ mànà lójú wa. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a padà sínú òkùnkùn. Ẹni tó ti fi fìtílà kàwé rí kò ní bẹ̀bẹ̀ fún un. Ohun tó dùn mí ni pé òru oṣù kejìlá, tó jẹ́ òru ìsinmi, òru àlọ́, òru tí àwọn àgbàlagbà ń jókòó ti iná pòròpórò ọkà bàbà, ni a wá fi jẹneréétọ̀ àti gbohùngbohùn kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn ènìyàn ṣì ń wá sílé ní ìparí ọdún, ní Ọ̀fà, ní Òró, ní Òmù-Àrán. Àsìkò tí iṣẹ́ oko fi ń dínkù láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ń wá, àsìkò tí àwọn baba wa fi ń kọ́lé, tí wọ́n fi ń gbéyàwó. A ti mú àkókò náà dúró, ìsinmi inú rẹ̀ ni a sọ nù, ó sì yẹ kí a wá a rí.

Àwọn ẹlòmíràn kò jẹ́ kí tiwọn nù. Ní Ireland, àwọn tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 5,000 ọdún sẹ́yìn kọ́ ibojì òkúta ńlá kan sí Newgrange, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí ìtànṣán oòrùn àárọ̀ ọjọ́ tó kúrú jù lọ fi ń gba ihò kan wọlé dé ìsàlẹ̀ yàrá inú rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. Ní Ìráànì, àwọn ẹbí máa ń pé jọ ní òru tó gùn jù, tí wọ́n ń pè ní Yalda, wọ́n á máa jẹ bàrà, wọ́n á máa ka ewì fún ara wọn títí di òru jinjin. Àwa kò nílò láti yá ọdún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ní tó wa.

Láti ọjọ́ 22 oṣù kejìlá lọ, oòrùn ti kọrí sọ́dọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ni ọ̀sán fi ń gùn sí i lójúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ni yóò dé òkè orí Ìlọrin gan-an, tí ọ̀pá tí a bá rì mọ́lẹ̀ kò ní ní òjìji lọ́sàn-án, òjò àkọ́rọ̀ á sì ti máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀fà àti Òmù-Àrán yóò rí i ní nǹkan bí ọjọ́ kan ṣáájú Ìlọrin, nítorí wọ́n wà ní gúúsù wa. Jẹ́bà yóò rí i ní nǹkan bí ọjọ́ méjì lẹ́yìn wa. Ní ìparí oṣù kẹjọ, nígbà tí ó bá ń padà lọ, Jẹ́bà ni yóò kọ́kọ́ rí i. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan ri ọ̀pá tirẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kó sì bi àgbẹ̀ tó bá wà nítòsí rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń gbìn lọ́sẹ̀ yẹn.